Ọ̀rọ̀ Pupa, Yíǹkì Aláwọ̀ Ewé: Bí Wọ́n Ṣe Rí Òṣùwọ̀n fún Àfiyèsí

Ìyá tàbí bàbá tó bá ní ọmọ ilé ìwé nílé ní OPIC Estate, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lè ṣe ìdánwò yìí lálẹ́ òní, yálà NEPA mú iná wá tàbí jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá bébà kan àti báírò mẹ́rin: pupa, búlúù, dúdú àti aláwọ̀ ewé. Ẹ fi báírò aláwọ̀ ewé kọ "pupa". Ẹ fi pupa kọ "búlúù", kí ẹ fi búlúù kọ "dúdú". Ẹ máa kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí bébà yóò fi kún, kí ọ̀rọ̀ kankan má bá àwọ̀ tí ẹ fi kọ ọ́ mu. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọ náà, kí ẹ sọ fún un pé kó má ka ọ̀rọ̀ rárá. Àwọ̀ báírò ni kó máa pè, kíákíá, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kò ní pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ yóò fi kọsẹ̀. Yóò rí àwọ̀ ewé, yóò pe "pupa", yóò rẹ́rìn-ín, yóò tún un pè, yóò sì dúró díẹ̀ kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ó mọ àwọ̀ dáadáa, ojú kò sì dùn ún. Ọ̀rọ̀ tí a ní kó má kà ni ojú rẹ̀ ti kà kó tó ráyè kọ̀.

Bí ìyá àgbà bá wà nínú ilé kan náà, tí kò rí ilé ìwé lọ nígbà èwe rẹ̀, ẹ gbé bébà yẹn fún òun náà. Yóò pe àwọ̀ wọ̀nyẹn tán láìkọsẹ̀, nítorí pé ilà lásán ni ọ̀rọ̀ inú bébà jẹ́ lójú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ àti ìyá àgbà yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà ni àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ti fi ń wọn àfiyèsí láti nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn dókítà wa n'Ìbàdàn sì fẹ́ wọn ọkàn àwọn àgbàlagbà, irú ìyá àgbà yìí ni wọ́n bá pàdé.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1796, ní Greenwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nevil Maskelyne lé ọmọṣẹ́ rẹ̀, David Kinnebrook, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé àkókò tó ń kọ sílẹ̀ nígbà tí ìràwọ̀ bá kọjá lójú ẹ̀rọ awò fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yẹn gba kí ènìyàn máa fi ojú tọ ìràwọ̀, kó sì máa fi etí ka ìró aago lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn ìgbà náà kí Friedrich Bessel, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Königsberg, tó tún ọ̀rọ̀ yẹn gbé yẹ̀wò. Ó fi àkókò tirẹ̀ wé ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé tirẹ̀ àti tiwọn kò bára mu. Àánú Kinnebrook ṣì ń ṣe mí. Ohun tí a lé e fún wà lára gbogbo ènìyàn.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá bí wọn yóò ṣe ka àkókò tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́. F. C. Donders ṣe é ní Utrecht ní 1868. Wilhelm Wundt ṣí yàrá ìwádìí tirẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, ní 1879. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá bá Wundt, James McKeen Cattell, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1886 tó ṣe pàtàkì sí ìtàn wa yìí. Ó rí i pé kíka ọ̀rọ̀ yá ju pípe àwọ̀ lọ. Bí a bá fi "pupa" tí a kọ sílẹ̀ han ẹni tó mọ̀wé, ẹnu rẹ̀ yóò yá ju ìgbà tí a bá fi aṣọ pupa hàn án. Cattell ní ìwé kíkà ti di ohun tí ń ṣe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àwọ̀ ṣì gba pé kí ènìyàn fúnra rẹ̀ wá a.

Ìbéèrè tó kù ni pé: bí ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ bá wà nínú ohun kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń tako ara wọn ńkọ́? Erich Jaensch ti ṣe irú rẹ̀ ní Jámánì ní 1929. Àmọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wá mọ́ ìdánwò náà ni John Ridley Stroop, ọmọ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Tennessee, tí wọ́n bí ní 1897. Ilé ẹ̀kọ́ George Peabody College ní Nashville ló ti ń ṣe ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Àwọ̀ márùn-ún ló lò: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, búráùn àti elésè àlùkò. Ó to ọ̀rọ̀ 100 sójú káàdì kan, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan bá yíǹkì rẹ̀ mu, ó sì mú aago lọ́wọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ọ̀rọ̀, kí wọ́n gbàgbé àwọ̀. Nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ dúdú, ìṣẹ́jú àáyá 41 ni wọ́n fi ka 100 tán. Nígbà tí àwọ̀ ń tako ọ̀rọ̀, ó di 43.3. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ló yí i padà: kí wọ́n pe àwọ̀, kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé igun mẹ́rin aláwọ̀ lásán ni wọ́n ń wò, tí kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 63.3 ni wọ́n fi pè é tán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń ta kò wọ́n, ó gbà wọ́n tó 110.3. Ìṣẹ́jú àáyá 47 gbáko ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n kà fi dá wọn dúró. Ní 1935 ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Journal of Experimental Psychology.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni apá kẹta, tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Ó mú àwọn ènìyàn 32, ó jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́jọ kọ́ bí a ṣe ń pe àwọ̀ láìka ọ̀rọ̀. Wọ́n yá sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ló wá ń dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, fún ìgbà díẹ̀. Ó hàn gbangba pé ohun tí a bá fi ṣe ìṣe léraléra ló ń gba iwájú, tí yóò sì máa dènà ohun yòókù.

Stroop alára kò lépa ìwádìí ọkàn lọ títí. Oníwàásù ni. Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ David Lipscomb College, ó ń kọ́ni, ó ń wàásù ní àwọn ìjọ kéékèèké, ó sì ń kọ ìwé lórí Bíbélì títí ó fi kú ní 1973. Nígbà tí Colin MacLeod kó ìwádìí tí àwọn ènìyàn ti ṣe lórí iṣẹ́ yìí jọ ní 1991, wọ́n ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Àwọn tó ń wakọ̀ gba iwájú OPIC lọ sí Èkó láràárọ̀ ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2001, David Strayer àti William Johnston ní Yunifásítì Utah dán àwọn awakọ̀ wò lórí ẹ̀rọ tó ń ṣàfarawé ọkọ̀ wíwà. Àmì tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò rí tó ìlọ́po méjì ti ìgbà tí wọn kò sọ̀rọ̀. Bóyá wọ́n gbé fóònù sétí o, tàbí wọn kò fọwọ́ kàn án o, ọ̀kan náà ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ ló gba ọkàn wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ etí pè ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn pé ọwọ́ yín kò ṣáà kúrò lórí sítíárìn-ìn, mo bẹ̀ yín, ẹ fi òótọ́ yìí sọ́kàn.

Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, ìdánwò Stroop kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Peter Schiller fi èyí hàn ní 1966: àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ kò kọsẹ̀ púpọ̀, àwọn tó wà ní kejì àti ìkẹta ló kọsẹ̀ jù. Ẹ̀rí ni ìkọsẹ̀ yẹn pé ìwé ti wọ ọmọ lára.

Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ẹjọ́ òdìkejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé wá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ láti Kánádà, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta, níbi tí Adeoye Lambo ti jẹ́ ọ̀gá. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá bá a. Wọ́n ní orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, pé àwọn á ka ojú ìwé kan tán, kò ní yé àwọn, kò sì ní dúró nínú àwọn. Prince kọ nípa wọn ní 1960, ó sì pe àìsàn náà ní "brain fag". Èrò tirẹ̀ ni pé ọ̀nà ìkàwé àwọn Òyìnbó, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá nìkan jókòó tì, kò bá ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí mu.

Àlàyé yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ tí gbogbo ẹbí dáwó jọ rán lọ sílé ìwé, tí ìdánwò ń bọ̀, tí kò sùn, ó ní ìdí tí ìwé kò fi ní wọlé. Ọ̀rọ̀ Olufemi Morakinyo, tó ṣèwádìí rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tó sì tẹ èrò rẹ̀ jáde ní 1980, sún mọ́ òótọ́ jù lójú tèmi: ó mẹ́nu ba àìsùn àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má bàa gbé wọn. Lẹ́yìn náà, Oyedeji Ayonrinde tú ìwé àtijọ́ wò, ó sì fi hàn ní 2020 pé wọ́n ti ń lo orúkọ "brain fag" nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń kàwé jù. Àìsàn tí wọ́n fi orúkọ Áfíríkà pè fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ṣe àwọn Òyìnbó rí. Ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní DSM kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1994, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní 2013.

Àwọn tí Prince bá sọ̀rọ̀ ṣáà lọ sílé ìwé. Ní 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti Oye Gureje wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwa; Hugh Hendrie àti Kathleen Hall láti ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ fi àwọn àgbà Yorùbá wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn ni wọ́n yàn, ẹni ọdún 65 sókè. Púpọ̀ nínú wọn kò kàwé rí. Ẹ gbé káàdì Stroop fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé kò ní kọsẹ̀ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyè rẹ̀ ti ń ra. Ẹ bi í ní déètì òní lọ́nà Òyìnbó, ó lè má mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kó rántí ọjọ́ ọjà, kó sì ṣírò èrè rẹ̀ láìṣì.

Ìdánwò tí wọ́n lò, CSI-D, Hendrie àti Hall ti ṣe é tẹ́lẹ̀ fún àwọn Cree, onílẹ̀ àbáláyé ní Manitoba ní Kánádà. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n tún un tò kí ó bá ìgbé ayé ibí mu. Kò sí ìwé kíkà nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kí àgbà dárúkọ iye ẹranko tó bá lè dárúkọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kó gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kó sì tún wọn pè nígbà tó bá ṣe. Kó tọ́ka sí fèrèsé kó tó tọ́ka sí ilẹ̀kùn. Wọ́n sì ní apá kejì tó wù mí gidi: wọ́n á bi ẹni tó ń bá àgbà náà gbé. Ṣé màmá ṣì ń ṣe nǹkan bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọmọ tàbí ìyàwó ilé wà lára èsì, pẹ̀lú òǹkà tirẹ̀.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní JAMA ní 2001 gba àfiyèsí káàkiri ayé. Wọ́n ti tẹ̀ lé àgbà 2,459 n'Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, àwọn tí kò ní àrùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú 100 àgbà n'Ìbàdàn, 1.35 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, 3.24. Ká ní ìdánwò tó ń fìyà jẹ aláìmọ̀wé ni wọ́n gbé wá sí Ìdíkàn, ó ṣeé ṣe kí òǹkà yẹn dorí kodò, kí a sì máa pe àgbà tí ọkàn rẹ̀ pé ní aláìsàn.

Ìdílọ́wọ́ ọkàn náà ṣeé wọ̀n láìsí ìwé. Ní 1994, Adele Diamond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é fún àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́ta àbọ̀ títí dé méje. Wọ́n á fi àwòrán oòrùn han ọmọ, yóò pe "òru". Wọ́n á fi òṣùpá àti ìràwọ̀ hàn án, yóò pe "ọ̀sán". Àwọn mìíràn lo ohùn: ọkùnrin ló ń sọ "obìnrin", kí ẹni tó ń gbọ́ sì sọ ẹni tó ni ohùn náà. Ìyá àgbà tó pe àwọ̀ báírò tán láìkọsẹ̀ yóò dúró ronú níbí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe dúró lórí bébà. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn olùwádìí wa n'Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Àró máa gbé lọ bá àwọn àgbà nílé, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni ẹni 70 ọdún ń ṣe é, báyìí ni ẹni 80 ọdún. Dókítà tí wọ́n bá gbé ìyá wá bá láti Mowé tàbí Ìbàfò yóò lè fi èsì màmá wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an.