RỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ ALÁGBÁRA: BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É ÀTI BÍ Ó TI Ń FÒ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ kíláàsì òkè máa ń bi wá lẹ́yìn iṣẹ́: ṣé ìjọba nìkan ni ó lè ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì? Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àkúrẹ́ níbí ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, FUTA, wà, ilé ẹ̀kọ́ tí ó lọ́wọ́ nínú sátẹ́láìtì kékeré kan tí ó gòkè lọ ní 2017. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí yóò fẹ́ mọ ohun tí ó gbé e gòkè. Bí àgbà kò bá dá a lóhùn, yóò mú ìṣáná àti báńgà ọdún láti fi dá ara rẹ̀ lóhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ àlàyé yìí.

Ìdáhùn ni pé kì í ṣe ìjọba nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti níbòmíràn, àwọn ènìyàn lásán bí tiwa ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ga ju ènìyàn lọ, wọ́n sì ń yìn ín sókè ní ọjọ́ ìsinmi. Wọn kò fi jagun, wọn kò sì fi ṣòwò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un: National Association of Rocketry ti wà láti 1957, Tripoli Rocketry Association sì tẹ̀lé e ní 1964.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Lárúbáwá mọ̀ pé sārūkh ni orúkọ rẹ̀. Láti ara sarakha ni ó ti wá, èyí tí ó túmọ̀ sí "ó ké tòò". Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ariwo rẹ̀ rí yóò gbà pé orúkọ náà bá a mu. Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀tù ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí náà ní ìtàn níbẹ̀. Hasan al-Rammah, ará Síríà tí ó kú ní 1295, kọ ìwé lórí ẹṣin gígùn àti ohun ìjà, ó sì ṣàlàyé ẹ̀tù àti ọfà oníná sínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Hyder Ali àti ọmọ rẹ̀ Tipu Sultan, ọba Mysore tí ó kú sójú ogun ní 1799, fi irin ṣe ara rọ́kẹ́ẹ̀tì dípò páálí. Ó dẹ́rù ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó o lọ sí ilé wọn láti wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kí wọ́n lè ṣe tiwọn.

Kí ni ó ń tì í gòkè? Ẹ fẹ́ fèrè rọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fi ṣe ọdún, kí ẹ má so ẹnu rẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń jáde lẹ́yìn, fèrè ń sá síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọn ṣakabùlà ti máa ń ta èjìká ọdẹ: ọta lọ síwájú, ìdí ìbọn padà sẹ́yìn. Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ òfin yìí sínú ìwé ní 1687. Nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, èéfín gbígbóná ni ó ń fi ipá jáde nísàlẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń lọ sókè.

Ní ti ara rẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ọfà ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ọfà ní irin wúwo lórí, ó sì ní ìyẹ́ nídìí, nítorí náà ni kì í fi í ta kìtì lójú ọ̀run. Rọ́kẹ́ẹ̀tì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá páálí líle tàbí fibreglass ni ara rẹ̀. Imú ṣóńṣó wà lókè. Ìyẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nísàlẹ̀, tí a fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ dáadáa. Ibi tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba sí gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tì í jù lọ, kí àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì má sì kéré ju fífẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, wọn a fi ìwúwo kún imú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní èyí yóò yí padà sí àwọn tí wọ́n yìn ín.

Ẹ́ńjìnnì ni ibi tí àwọn ọmọ wa máa ń ṣi ọ̀rọ̀ náà lóye. Wọ́n rò pé ẹni tí ó bá ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó po ẹ̀tù rẹ̀. Rárá o. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tí mo dárúkọ yẹn, rírà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ra ẹ́ńjìnnì láti ilé iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń mọ agbára rẹ̀. A ni ó kéré jù nínú àwọn tí wọ́n sábà máa ń lò, lẹ́tà tí ó bá sì tẹ̀lé e jẹ́ ìlọ́po méjì: B ju A, C ju B. Láti H ni wọ́n ti ń pè é ní alágbára. Ẹ ṣírò rẹ̀: H tí ó kún jẹ́ ìlọ́po 128 A tí ó kún. Ohun tí ó ń jó nínú rẹ̀ le bí rọ́bà, kì í ṣe ìyẹ̀fun bí ẹ̀tù ọdẹ, iná bátìrì ni wọ́n sì fi ń tàn án láti òkèèrè. Fún H, ènìyàn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ. Fún M, ẹsẹ̀ bàtà 500 ni.

Ẹ fi èyí wé ọmọ tí ó ń fá orí ìṣáná sínú irin. Irin náà kò ní fò; yóò fọ́ sí i lọ́wọ́ ni, ojú ni àfọ́kù rẹ̀ sì máa ń wá. Àwa ará Àkúrẹ́ kò tún nílò ẹni tí yóò sọ ohun tí nǹkan abúgbàmù lè ṣe fún wa. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2020, nǹkan bú gbàmù ní Ìlú-Àbọ̀, ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ó gbẹ́ ihò ńlá sójú títì, ó ba ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Rotimi Akeredolu tí ó jẹ́ gómìnà nígbà náà sọ pé ohun abúgbàmù tí ọkọ̀ ń gbé lọ fún àwọn tí ń fọ́ òkúta ni. Onímọ̀ kan láti yunifásítì Ifẹ̀ sọ pé òkúta tí ó já láti ojú ọ̀run ni. Bí ó ti wù kí ó jẹ́, òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun abúgbàmù láìgba ìwé àṣẹ.

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì fi ń jó. Lẹ́yìn náà rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò máa fi eré tí ó ti sá lọ sókè, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ó bá ti dé òkè pátápátá, ẹ̀tù kékeré kan yóò ti imú rẹ̀ kúrò, páráṣúùtù yóò sì là bí agboòrùn. Èyí tí ó bá ga gan-an máa ń ní méjì: kékeré yóò là lókè kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ jìnnà, ńlá yóò là nígbà tí ó bá sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí ó ń fi ìwúwo afẹ́fẹ́ mọ bí òun ti ga tó ni ó ń pàṣẹ fún wọn.

Ìdánwò wọn dá lórí èyí pẹ̀lú. Ìpele kìíní jẹ́ ti H àti I, ìkejì ti J títí dé L pẹ̀lú ìdánwò àkọsílẹ̀, ìkẹta ti M sókè. Rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ ìbáà ga tó báwo, bí kò bá padà wálẹ̀ ní ipò tí ó lè tún fò, o kò yege. Òfin yìí wù mí púpọ̀.

Ṣé a lè yìn ín níbí? Pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ wà ní ìhà Ọ̀bà-Ilé, a kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan sí ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú. Ní ti Oǹdó, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó bá sọ̀kalẹ̀ sínú oko kòkó, orí igi ni yóò sùn. Nígbà ọyẹ́, ó lè dáná sun oko olóko. Aṣálẹ̀ Black Rock ní Nevada ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ní igi kankan. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan ti yin rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ju 100 kìlómítà lọ ní oṣù karùn-ún 2004. Ní Nàìjíríà, àjọ NASRDA tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1999 ní ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní Ẹ̀pẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó.

Sátẹ́láìtì ti FUTA ńkọ́? Nigeria EduSat-1 ni orúkọ rẹ̀. Àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ni, ìwúwo rẹ̀ tó kìlógíráàmù kan. Kyushu Institute of Technology ní Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é pẹ̀lú ti Gánà, Mòǹgólíà, Bangladesh àti Jàpáànù fúnra rẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 gbé e láti Florida ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2017, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti ibùdó òfurufú àgbáyé ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ní 2019 ó já padà, ó sì jóná lójú ọ̀run. Kí ó tó lè máa yí ayé ká, ó ní láti sá eré tó kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan. Ti ọdún 2004 yẹn ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní irú eré bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ilẹ̀ ni ó padà sí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Èyí tí àwọn ọmọ wa lè ṣe ni ti omi. Ẹ mú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kì í ṣe ike omi tí ó fẹ́lẹ́, ẹ má sì fi ìgò ṣe é láé. Ẹ lẹ ìyẹ́ páálí mẹ́ta mọ́ ọn ní ìhà ẹnu, kí ẹ fi imú páálí sí ìdí rẹ̀. Ẹ gba fááfù tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti gbó lọ́wọ́ fọkanáísà, ẹ fi í gba inú ìdérí rọ́bà tí yóò dí ẹnu ike náà pinpin. Ẹ bu omi sí i tó ìdá mẹ́ta rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ lórí ohun tí yóò gbé e dúró, kí ẹ so pọ́ǹpù mọ́ fááfù pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà gígùn. Kí àgbà kan wà níbẹ̀, kí ẹni tí ń fọn pọ́ǹpù wọ awò ojú, kí ẹnikẹ́ni má bẹ orí wò ó. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tó, rọ́bà yóò já, omi yóò tú jáde, ike yóò sì lọ. Bí omi bá pọ̀ jù, kò ní ga. Bí ó bá kéré jù, bákan náà ni. Kí ẹ yí ìwọ̀n omi náà padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ibi tí ó ga dé sínú ìwé.