Oníṣòwò tó fẹ́ ka MBA: Ohun tí ìdánwò GMAT ń wá lọ́wọ́ rẹ̀

Bí ènìyàn bá ti ń tajà láti ọdún mẹ́wàá, tó ti gba ọjà àwìn tó sì san án, tó ti gba òṣìṣẹ́ tó sì ti dá òmíràn dúró, inú rẹ̀ kì í sábà dùn nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kó tó lè lọ kọ́ nípa òwò. Ohun tó máa ń sọ ni pé, kí ni wọ́n fẹ́ bi òun tí òun kò tíì rí lọ́jà? Ìbéèrè náà dáa, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìdánwò GMAT, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òkòwò káàkiri àgbáyé fi ń yan àwọn tó fẹ́ gba oyè MBA, kì í bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tajà. Kì í béèrè bí wọ́n ṣe ń yáwó ní báńkì, kì í sì í béèrè bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà. Bí ènìyàn ṣe ń ronú nígbà tí aago ń sáré ló ń wò.

Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi oṣù mẹ́ta ka ìwé tí kò kàn án, kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ti fara gbá a kó tó di ọjọ́ ìdánwò.

Ìdánwò ti yí padà, ìwé àtijọ́ ṣì wà lọ́jà

Ìdánwò yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ní ọdún 1953 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òkòwò mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà jọ fikùn lukùn lórí rẹ̀, ọdún 1954 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é. Àjọ tó ń jẹ́ GMAC ló ń bójú tó o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àjọ náà gbé ẹ̀yà tuntun jáde, nígbà tí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 sì parí, ẹ̀yà àtijọ́ kógbá sílé.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò fi sọ́kàn níbẹ̀ ni pé ìwé ìgbáradì tí ẹ̀gbọ́n ẹni lò ní 2015, tàbí èyí tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó lórí àtẹ ìwé àlòkù, lè kọ́ ènìyàn ní ohun tí wọn kò béèrè mọ́. Wọ́n ti yọ àròkọ kúrò. Wọ́n ti yọ ìbéèrè gírámà tí wọ́n ti ń ní kí ènìyàn tún gbólóhùn ṣe. Wọ́n sì ti yọ ìṣirò nípa igun àti òbìrìkìtì.

Máàkì náà ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, láti 200 dé 800 ni. Ní báyìí, láti 205 dé 805 ni, gbogbo rẹ̀ ló sì ń parí sí 5. Ẹni tó bá gbọ́ pé 700 ni àwọn èèyàn ń gbà nígbà kan kò gbọdọ̀ fi wé ti ìsinsìnyí, torí 645 lórí ẹ̀yà tuntun sún mọ́ 700 àtijọ́. Èsì náà ń lò fún ọdún márùn-ún.

Apá mẹ́ta, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo ìdánwò náà, ìbéèrè 64 ló sì wà nínú rẹ̀. Apá ìṣirò ní ìbéèrè 21. Apá òye ọ̀rọ̀ ní 23. Apá kẹta, tí wọ́n ń pè ní Data Insights, ní 20, níbi tí wọ́n ti ń gbé tábìlì, àwòrán òǹkà àti àkọsílẹ̀ lóríṣiríṣi síwájú ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá pín ìṣẹ́jú 45 fún ìbéèrè tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan, yóò rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì péré ló kan ìbéèrè kan. Olùdánwò ló máa yan apá tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣe.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é, kọ̀ǹpútà náà sì gbọ́n. Bí ènìyàn bá ń gba ìbéèrè, yóò máa fún un ní èyí tó le sí i. Bó bá ń ṣì í, yóò rọ̀ ọ́ lójú. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀rù ba ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ ń le sí i. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fo ìbéèrè kan kọjá láìdáhùn, ṣùgbọ́n tó bá dé òpin apá kan tí àkókò sì ṣẹ́kù, ó lè padà lọ yí ìdáhùn mẹ́ta padà. Ẹni tí àkókò bá tán mọ́ lórí kó tó dé ìbéèrè tó kẹ́yìn yóò pàdánù máàkì nítorí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó jókòó ti ìbéèrè kan fún ìṣẹ́jú mẹ́fà dà bí oníṣòwò tó ń bá oníbàárà kan ṣoṣo nájà títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà tí àwọn mẹ́ta mìíràn ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ìṣirò tí ọjà ti kọ́ ènìyàn, àti èyí tí kò kọ́ ọ

Ní apá ìṣirò, wọn kì í gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè. Apá Data Insights nìkan ni ẹ̀rọ ìṣirò ti wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìròyìn ayọ̀ lèyí jẹ́ fún ẹni tó máa ń ṣírò owó lórí kó tó fún oníbàárà ní ṣéńjì. Ṣùgbọ́n ìṣirò orí náà ní ibi tó ti ń tan ènìyàn jẹ.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Oníṣòwò kan ń ta bàtà ní ₦10,000. Ó fi ìdá 20 nínú 100 lé e. Nígbà tí ọjà kò yá, ó yọ ìdá 20 nínú 100 kúrò. Èló ni bàtà náà wá di? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn kíá pé ó padà sí ₦10,000. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi owó lé e, ó di ₦12,000. Ìdá 20 nínú 100 ₦12,000 jẹ́ ₦2,400. ₦9,600 ló kù. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dínwó báyìí fún bàtà 100 ti fi ₦40,000 sílẹ̀ láìmọ̀ lórí iye tó ń tà á tẹ́lẹ̀.

Apá òye ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ká sọ pé oníbúrẹ́dì kan gbé pátákó tuntun síta ní ìparí oṣù kọkànlá, tí búrẹ́dì rẹ̀ sì tà gan-an ní oṣù kejìlá. Ó wá sọ pé pátákó ló ṣe é. Ìdánwò náà yóò béèrè pé èwo nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún ló dín agbára èrò rẹ̀ kù jù lọ. Ìdáhùn lè jẹ́ pé àwọn oníbúrẹ́dì tó kù ládùúgbò, tí wọn kò ní pátákó, náà tà jù bí wọ́n ṣe ń tà tẹ́lẹ̀ ní oṣù yẹn. Ọdún Kérésì ló mú ọjà yá, kì í ṣe pátákó.

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò mọ̀

Irú ìbéèrè kan wà nínú Data Insights tó máa ń da àwọn olùdánwò láàmú, nítorí pé kì í béèrè ìdáhùn rárá. Ohun tó ń béèrè ni pé: ṣé ohun tí wọ́n sọ fún ọ tó láti fi dáhùn?

Ẹ wo èyí. Ìyá oníràísì kan ta àpò 40. Owó tó fi ra ọjà àti owó ọkọ̀ nìkan ni ìnáwó rẹ̀. Ṣé èrè rẹ̀ ju ₦100,000 lọ? Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní: ó fi ₦3,000 ju iye tó rà á ta àpò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kejì: ₦24,000 ni owó ọkọ̀ gbogbo àpò náà.

Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní nìkan yóò sọ pé 40 lọ́nà ₦3,000 jẹ́ ₦120,000, nítorí náà ó ju ₦100,000 lọ. Àṣìṣe ni, torí kò tíì mọ owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kejì nìkan náà kò tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀, ₦120,000 dín ₦24,000 jẹ́ ₦96,000. Èrè náà kò tó ₦100,000. Ìdáhùn ni “rárá”, àmọ́ ohun tí wọ́n sọ tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn: wọ́n rò pé tí ìdáhùn bá jẹ́ “rárá”, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò tó.

Kò sí oníṣòwò tí kì í pàdé irú ìbéèrè yìí. Nígbà tí ẹnì kan bá ní kó wá dá ẹ̀ka ṣọ́ọ̀bù kejì sílẹ̀, tàbí kó kó gbogbo owó lé ọjà kan, ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó béèrè ni bóyá ohun tóun mọ̀ tó láti pinnu. Bí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò yìí kò tilẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́, àṣà bíbéèrè yẹn nìkan lè gbà á lọ́wọ́ gbèsè.

Bí ṣọ́ọ̀bù kò ṣe ní forí fá a

Àkókò ni owó tí oníṣòwò máa ná jù. Ẹni tó bá ń fi wákàtí kan kàwé ní ìdájí láti Mọ́ńdè dé Fúráídè kó tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń fi wákàtí mẹ́ta kún un lọ́jọ́ Sunday, yóò ní wákàtí 8 lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 12, wákàtí 96 nìyẹn. Kò sí ọjọ́ kan tó ti ilẹ̀kùn. Ohun tí kò yẹ kó ṣe ni kó mú ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí ìgbà tí ọjà rẹ̀ ń yá jù. Oníṣòwò aṣọ kò gbọdọ̀ mú oṣù kejìlá.

Kó ní ìwé kékeré kan tó máa ń kọ àṣìṣe sí, bó ṣe ń kọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Kó kọ ìbéèrè tó ṣì, kó kọ ìdí tó fi ṣì í, kó sì padà sí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ní ti owó, 275 dọ́là ni wọ́n ń gbà ní gbọ̀ngàn ìdánwò ní Amẹ́ríkà nígbà tí ẹ̀yà tuntun jáde, iye náà sì máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹni tó bá kùnà lè tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 16, kò sì gbọdọ̀ ju ìgbà márùn-ún lọ láàárín oṣù 12. Wọ́n ń ṣe é nílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò rẹ̀ kò ṣeé gbára lé yóò sàn fún ní gbọ̀ngàn ìdánwò.

Orúkọ tí ènìyàn fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ mu. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ lọ́jà, tó sì ń jẹ́ ti bàbá nínú ìwé ìrìnnà, kó tètè tún un ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fetí sí àwọn tó ń ta “èkísípò”. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà dá GMAC láre lórí àwọn kan tó ń ta ìbéèrè ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ìtanràn náà sì lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Àjọ náà fagi lé èsì àwọn olùdánwò 84.

Ṣé dandan ni?

Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń béèrè GMAT. Àwọn kan ń gba GRE, àwọn kan ní ìdánwò tiwọn, àwọn mìíràn sì ń wo ọdún tí ènìyàn ti fi ṣiṣẹ́. GMAC fúnra rẹ̀ dá ìdánwò tó kúrú sílẹ̀ ní 2016 fún àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, Executive Assessment ni wọ́n ń pè é, ìbéèrè 40 ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí oníṣòwò kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó wù ú kó tó ná kọ́bọ̀.

Tí wọ́n bá ní GMAT ni, kó má tíì sanwó. Ìdánwò àṣewò méjì wà lórí ìkànnì GMAC tí wọn kì í gbowó lé. Kó jókòó lọ́jọ́ Sunday kan, kó pa fóònù, kó sì ṣe ọ̀kan láìdúró títí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 fi pé. Iye tó bá gbà ni yóò sọ fún un bóyá ọ̀sẹ̀ 12 tó, tàbí kó fi ti ọdún yìí sílẹ̀ kó kọ́kọ́ tọ́jú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.