Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì alùpùpù yín tán, ó wá ń jò: Ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó gbéra

Mi ò tíì dé Tchamba láàárọ̀ ọjọ́ náà tí mo fi rí i pé bàtà mi ọ̀tún ti rin fún ọ́ìlì. Kambolé ni mo ti gbéra, Sokodé ni mò ń lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mẹkáníìkì kan bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì alùpùpù mi, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní vidange, ó sì bá mi fa ṣéènì. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo gun alùpùpù mi lọ sílé. Mi ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì rárá.

Nígbà tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ́ìlì ń kán sílẹ̀. Bóòtù abẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n máa ń tú kí ọ́ìlì àtijọ́ lè jáde, ti dẹ̀. Mo fi àkísà mú un, ó sì ń yí lọ́wọ́ mi bí ìdérí ìgò. Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró, ó yọ sípánà rẹ̀ jáde, ó bá mi fún un. Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kò sí ọ́ìlì kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ dáná sí i mọ́, ó gbé mi lọ ra ọ́ìlì, ó sì gbé mi padà wá. Kó tó lọ, ó bi mí léèrè bóyá mo wò ó kí n tó kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ló tì mí. Mẹkáníìkì náà jù mí lọ dáadáa. Mo rò pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ tí mò ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á dà bíi pé mi ò fọkàn tán an. Ìtìjú yẹn ló kù díẹ̀ kó ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́, òun náà ló jẹ́ kí n kọ ìròyìn yìí.

Kí ló dé tí ọ́ìlì díẹ̀ fi lè pa ẹ́ńjìnnì?

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré sábà máa ń gba lítà mẹ́ta sí márùn-ún ọ́ìlì. Àwọn alùpùpù 100, 125 àti 150 tó pọ̀ lójú ọ̀nà wa, irú Haojue àti Bajaj Boxer, ń gba nǹkan bíi lítà kan péré. Bí ìdajì lítà bá ti dà nù, ìdajì gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló lọ yẹn.

Ọ́ìlì kan náà yìí ló ń ṣiṣẹ́ fún písítìnì, fún jíà àti fún kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ àwọn alùpùpù wọ̀nyí kò ní omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà àti ọ́ìlì ló ń gbé ooru kúrò níbẹ̀. Bí ọ́ìlì bá tán, irin á máa ha irin, písítìnì á gbóná, á wú, á sì há sínú ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní iná tó ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì ti ń lọ sílẹ̀. Bàtà tó rin tàbí ariwo irin ni ẹ óò kọ́kọ́ rí, ìgbà tí ẹ bá sì gbọ́ ariwo yẹn, ó ti ń pẹ́ jù.

Láti Tchamba sí Sokodé tó bíi kìlómítà 35. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ti dà nù nínú rẹ̀ lè há kó tó dé ìdajì ọ̀nà yẹn.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù?

Ní àsìkò ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, tó sì wọ ọdún 1993, ni zémidjan gbilẹ̀ ní Lomé. Benin ni orúkọ náà ti wá, láti inú èdè Fọ̀n, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n tètè gbé èèyàn lọ. Lónìí, kò sí abúlé kan ní agbègbè wa tí alùpùpù kò dé. Òun ló ń gbé iṣu àti kajú kúrò lóko, òun ló ń gbé ìyá ọlọ́jà lọ sọ́jà, òun náà ló ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru.

Àwọn kan lára àwọn tó ń gùn ún kọ́ ló ni ín. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ olówó, wọ́n sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá há, iṣẹ́ á dúró, ṣùgbọ́n gbèsè kò ní dúró. Bóòtù kan tí kò fún lè gba oúnjẹ lẹ́nu odidi ẹbí.

Ibo ni ọ́ìlì máa ń gbà jò lẹ́yìn vidange?

Ibi àkọ́kọ́ ni bóòtù abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ pé wọn kò fún un tó, tàbí pé wásà tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti gbó. Wásà náà kéré, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ òun ló ń dí ẹnu ihò náà. Ẹ ní kí wọ́n fi tuntun sí i.

Àwọn mìíràn náà máa ń fún un jù. Alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì, kò le tó irin bóòtù. Bí wọ́n bá fi agbára ńlá fún un, eyín tí bóòtù ń yí wọ̀ á jẹ, bóòtù kò sì ní mú mọ́. Bí ẹ bá rí i pé bóòtù kàn ń yí lórí ara rẹ̀ láìfún, ẹ má gbà kí wọ́n fi rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù dí i. Ẹ ní kí wọ́n tún eyín náà ṣe.

Ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí pẹ̀lú, àti rọ́bà róbótó tó wà lọ́rùn rẹ̀. Bí wọ́n bá tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì láti fọ asẹ́ ọ́ìlì tàbí láti wo kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wo etí rẹ̀ yíká. Bébà tó wà láàárín rẹ̀ lè ti ya.

Nígbà mìíràn, ọ́ìlì tí wọ́n dà sílẹ̀ nígbà iṣẹ́ lásán ni ẹ rí. Ẹ fi àkísà nu ún mọ́ tónítóní, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí páálí náà gbẹ, kò séwu. Bí ọ́ìlì bá wà lórí rẹ̀, ibi tó bọ́ sí á tọ́ka ibi tó ti ń jò.

Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù ńkọ́?

Àwọn kan rò pé bí ọ́ìlì bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ́ńjìnnì á ṣe pẹ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù á wá ibi tó máa gbà jáde. Ó lè gba ọ̀nà ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí bọ́ sínú asẹ́ afẹ́fẹ́, ó lè ti rọ́bà tó ń dí etí ẹ́ńjìnnì jáde, alùpùpù á sì máa rú èéfín búlúù. Àwọn alùpùpù kan kò gba ìgò lítà kan tán. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da gbogbo ìgò sí i láìwọ̀n ọ́n.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ gbé alùpùpù sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi ẹsẹ̀ méjì tó wà láàárín dá a dúró, kó má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ dáná sí i fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ tún dúró fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yọ ọ̀pá ìwọn, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ tún yọ ọ́ wò. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ṣe ni ẹ máa kàn gbé ọ̀pá náà lé ẹnu ihò, ẹ kò ní yí i wọlé. Ìwé tó bá alùpùpù yín wá ló máa sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ó yẹ kí ọ́ìlì wà láàárín ilà ìsàlẹ̀ àti ilà òkè. Tó bá jẹ́ pé ojú gíláàsì kékeré ló ní, àárín ilà méjì náà ni kó wà.

Ọ́ìlì wo ni wọ́n dà sí i?

Ẹ wo ara ìgò kí wọ́n tó ṣí i. Bí wọ́n bá kọ 4T sí i, ti ẹ́ńjìnnì tó ní ibi ìkó ọ́ìlì tirẹ̀ ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń gùn. Èyí tí wọ́n kọ 2T sí ni wọ́n ń pò mọ́ epo bẹntiróòlù fún àwọn alùpùpù àtijọ́ kan. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà lè fa wàhálà. Inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ alùpùpù wà, àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ kan sì ní èròjà tó máa ń jẹ́ kó yọ̀. Ẹ óò rí i pé ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ṣùgbọ́n alùpùpù kò sáré, pàápàá tí ẹ bá gbé ẹrù gun òkè. Àmì JASO MA tàbí MA2 lára ìgò fi hàn pé wọ́n ṣe ọ́ìlì náà fún irú kílọ́ọ̀ṣì yìí. Ní ti nọ́ńbà bíi 20W-50 tàbí 10W-40, ẹ tẹ̀ lé èyí tí ìwé alùpùpù yín sọ.

Ẹ má ra ọ́ìlì tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀. Bí ọ́ìlì tuntun bá dúdú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ má bẹ̀rù, ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì ló ń fọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá, kí ẹ sì wá ibi tí omi gbà wọlé.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ rọra wọ́ ọ dé ìlú. Ẹ wo táyà ẹ̀yìn àti bíréèkì, torí ọ́ìlì tó bá kan táyà lè gbé yín ṣubú. Bí ó bá jẹ́ bóòtù ló dẹ̀, ẹ fún un, ẹ wọn ọ́ìlì, ẹ dà sí i títí yóò fi dé ibi tó yẹ. Bí ẹ kò bá rí ọ́ìlì, ẹ tì í tàbí kí ẹ bẹ ẹni tó máa fà á. Àárẹ̀ títì kò tó owó ẹ́ńjìnnì tuntun.

Báwo la ṣe máa sọ ọ́ fún mẹkáníìkì?

Nígbà tí mo padà dé Kambolé, mo lọ bá mẹkáníìkì náà. Mi ò bá a jà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú bóòtù náà, ó sì rí i pé wásà rẹ̀ ti pẹlẹbẹ bíi bébà. Ó rántí pé àárín iṣẹ́ ni ẹnìkan pe òun, ọmọ iṣẹ́ òun ló sì parí rẹ̀. Ó fi wásà tuntun sí i, kò gba owó lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ béèrè nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò ọ́ìlì hàn yín. Ẹ dúró títí wọ́n á fi fún bóòtù. Ẹ dáná sí alùpùpù níwájú wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ wọn ọ́ìlì rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Tí ẹ bá rí àléébù, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó gùn ún jìnnà.

Láti ọjọ́ náà, mẹkáníìkì mi fúnra rẹ̀ ló máa ń pè mí tó bá ti fún bóòtù tán. Á fi iná fóònù tàn sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, á ní, "Àbúrò, wá wò ó."