Ta Ló Jẹ̀bi Ẹrù Inú Páálí?

Ní gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé páálí fún awakọ̀ pé kó bá àwọn já a fún èèyàn àwọn l'Ékòó. Wọ́n á fi téèpù dí i, wọ́n á kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á sí i lára, awakọ̀ á gbowó, á sọ ọ́ sí búùtù. Kì í tú u wò. Bí ọlọ́pàá bá tú u lójú ọ̀nà tí wọ́n sì bá igbó níbẹ̀, ohun tí gbogbo èrò ọkọ̀ máa béèrè ni pé: ṣé awakọ̀ mọ̀?

Ìbéèrè yẹn náà ló gbé Felix Somm dé kóòtù ní ìlú Munich. Òun ni ọ̀gá CompuServe ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ tó ń so aráàlú pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìparí 1995, àwọn agbófinró Bavaria já wọ ọ́fíìsì wọn nítorí àwòrán ìṣekúṣe tí wọ́n fi ọmọdé yà, tó ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Somm kọ́ ló ya àwòrán, òun kọ́ ló gbé e síta. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n wà nínú rẹ̀, Ohio l'Amẹ́ríkà ló wà. Ìbẹ̀rù mú kí CompuServe ti ẹgbẹ́ ìjíròrò tó lé ní 200 pa fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ lágbàáyé, títí kan àwọn tí kò sí ẹ̀gbin kankan nínú wọn. Ní oṣù Karùn-ún 1998, agbẹjọ́rò ìjọba fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dá Somm sílẹ̀. Síbẹ̀ adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní í lọ àfi tó bá tún rúfin. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó dá a láre. Inú mi dùn sí ìdáláre yẹn.

Ti Demon Internet, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní London, yàtọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1997, ẹnìkan kọ ọ̀rọ̀ rírùn jáde lórúkọ Laurence Godfrey, olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì. Godfrey fi fáàsì ránṣẹ́ sí wọn pé òun kọ́ lòun kọ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́. Wọn ò yọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i títí ó fi parẹ́ fúnra rẹ̀. Ní 1999, Adájọ́ Morland ní láti ìgbà tí fáàsì ti wọlé, Demon ò lè sọ pé òun ò mọ̀ mọ́. Ní 2000, Demon san 15,000 pọ́n-ùn fún Godfrey, wọ́n sì gbé ìnáwó ẹjọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn: ẹni tó ti mọ̀ tó sì kawọ́ gbera ló yẹ kó jẹ̀bi. Òfin tí Yúróòpù ṣe ní 2000 náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ti tó láti sọ ilé-iṣẹ́ di ẹlẹ́bi, gbogbo ohun tí wọ́n bá ti fẹ̀sùn kàn ni wọ́n á máa yọ dànù, ì báà jẹ́ irọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sì ni ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà ti 2022, tó ní kí ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀sùn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó gbé nǹkan náà síta, kí onítọ̀hún lè wí tẹnu rẹ̀.