Àgò Onílé! Bí Ó Ti Yẹ Kí Àlejò Wọ Ilé Òrìṣà Àwọn Asante Ní Besease

Bí Yorùbá bá dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé, ohùn ni ó kọ́kọ́ ń wọlé kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. A ó ní, “Àgò onílé o!” A ó sì dúró títí onílé yóò fi dáhùn pé, “Àgò yà.” Ẹni tí ó bá dé àdúgbò Krofrom ní ìlú Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, yóò gbọ́ ohun tí ó jọ ọ́ lẹ́nu àwọn Asante. “Agoo!” ni àlejò ń wí, “Amee!” ni onílé ń dá a lóhùn. Bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ni, bóyá kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ jẹ́ kí a fi èyíinì sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè. Ẹ̀kọ́ ilé inú rẹ̀ kò yàtọ̀: a kì í já wọ ilé ẹni láìgba àyè.

Ẹ̀kọ́ yìí ni a fẹ́ fi ṣe àtùpà láti wo ọ̀rọ̀ kan tí ó kan gbogbo wa, pàápàá jù lọ àwọn olùkọ́ tí ń kó ọmọ ilé-ìwé rìnrìn-àjò. Bí ènìyàn bá fẹ́ wo ilé mímọ́ tí ó ti pẹ́, tí ìsìn kò sì tíì kúrò nínú rẹ̀, irú ìwà wo ni ó yẹ kí ó hù níbẹ̀?

ÒṢÙWỌ̀N MÉJÌ

Ní Òkè Athos, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ilé ńlá 20 wà tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ti ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ń gbé, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi ohun ayé sílẹ̀ nítorí àdúrà. Ó ti ju 1,000 ọdún lọ tí wọn kò ti gba obìnrin láàyè láti tẹ ilẹ̀ náà. Ọkùnrin pàápàá kò gbọdọ̀ lọ bí kò bá kọ́kọ́ gba ìwé àyè. Ní Debre Damo, ní àríwá Etiópíà, orí àpáta gíga ni ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn wà láti nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn. Okùn ni àlejò yóò dì mú kí wọ́n tó fà á gòkè, ọkùnrin nìkan ni wọ́n sì ń fà. Arìnrìn-àjò tí ó bá gbọ́n kì í bá wọn jiyàn. Yóò wọ aṣọ tí ó bo ara, yóò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì dúpẹ́ pé wọ́n gba òun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ilé òrìṣà ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, kí a sì sọ fún un pé kí ó bọ́ bàtà, ẹ̀rín ni yóò bú sí. Bí Athos bá ní kí obìnrin má wọlé, òfin mímọ́ ni wọ́n ń pè é; bí àwọn olórò wa bá wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní òkùnkùn ni. Ó tọ́ kí a bá Athos jiyàn lórí òfin rẹ̀, ó sì tọ́ kí a bá Orò jiyàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé onílé ni a ti ń ṣe irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé àwa ọmọ ilẹ̀ yìí, tí a lọ sí ilé-ìwé, ni a sábà máa ń fi òṣùwọ̀n kejì wọn ara wa.

LÁTI KROFROM DÉ BESEASE

Ìtumọ̀ Krofrom ní èdè Twi ni “ìlú titun”. Orúkọ Kumasi kò sì ṣàjèjì sí wa. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin ti ṣòwò ní Gánà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin tí ìjọba Busia ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé púpọ̀ nínú wọn padà wá sílé. Nínú àwọn tí wọ́n gbé Kumasi títí tí wọ́n fi bímọ níbẹ̀, mélòó ni ó yà dé Besease?

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ kò jìn. Láti Krofrom a ó bọ́ sí ọ̀nà Accra, a ó kọjá yunifásítì tí a fi orúkọ Kwame Nkrumah pè, a ó kọjá Kentinkrono, a ó sì dé Ejisu. Besease wà ní iwájú díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó 20 máìlì.

Ẹni tí ó bá ń retí ilé alájà púpọ̀ yóò ṣe àṣìrò. Amọ̀, igi àti ọparun ni a fi kọ́ ilé náà. Yàrá mẹ́rin ni ó yí àgbàlá kan ká, bí agbo-ilé àwọn baba wa. Ti àwọn onílù wà níbẹ̀, ti àwọn akọrin wà níbẹ̀, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Àwọn mẹ́ta yìí ṣí sí àgbàlá. Ẹ̀kẹrin, tí ògiri bò, ni ojúbọ. Àwọn ọnà amọ̀ tí ó yọ jáde lára ògiri ni ojú kọ́kọ́ ń rí: àwọn kan lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn kan jẹ́ ẹranko, ẹyẹ tàbí ewéko. Wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bí àrokò ni wọ́n rí, ẹni tí ó mọ̀ wọ́n kà ni ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Obosom ni àwọn Asante ń pe ohun tí àwa ń pè ní òrìṣà. Okomfo ni wọ́n ń pe ẹni tí òrìṣà ń gùn. Nyame, tíí ṣe Olódùmarè wọn, ni ó ga ju gbogbo wọn lọ.

OHUN TÍ INÁ KÒ JÓ

Ní ọdún 1817, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Thomas Bowdich dé Kumasi, ó sì ya àwòrán àwọn ilé tí ó rí. Irú ọnà yìí ni ó kún ara ògiri wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1874, Garnet Wolseley kó ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú náà. Wọ́n kó ẹrù ààfin, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ilé olókùúta tí Asantehene Osei Bonsu kọ́, wọ́n sì ti iná bọ ìlú. Ní 1896 wọ́n mú Asantehene Prempeh lọ sí ìgbèkùn. Ní 1900, Gómìnà Hodgson tún bèèrè Àga Wúrà, èyí tí àwọn Asante gbà pé ẹ̀mí gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ń bẹ nínú rẹ̀. Yaa Asantewaa, ìyá-ọba Ejisu, ni ó dìde sí i. Àwọn ará Besease a máa sọ pé ilé òrìṣà yìí ni ó ti wá bèèrè ọ̀nà kí ó tó jáde ogun. Wọ́n mú un lọ sí erékùṣù Seychelles, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1921.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ́gun ènìyàn mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1937, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ní Debre Libanos ni àwọn ọmọ ogun Ítálì kọjú sí ní Etiópíà, wọ́n sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn níbẹ̀. Nínú gbogbo ilé àtijọ́ àwọn Asante, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù. Mẹ́wàá nínú wọn, tí ti Besease jẹ́ ọ̀kan, ni àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 1980.

ÌWÀ ÀLEJÒ

Kí àlejò kọ́kọ́ wá olùtọ́jú ilé, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Láàrin àwọn Asante, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń kí ènìyàn. Ọwọ́ òsì jẹ́ àfojúdi. Bí a bá bá àwọn àgbà ní ìjókòó, láti ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń kí wọn lọ. Wọn a fún àlejò ní omi, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó béèrè ohun tí ó bá wá. Kí ó sọ òótọ́: ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́. Bí wọ́n bá ní kí a bọ́ bàtà, kí a bọ́ ọ. Bí àwọn obìnrin bá wà nínú ẹgbẹ́, kí a béèrè ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ wọn níbẹ̀ ṣáájú, nítorí ilé òrìṣà kan wà tí ẹni tí ó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ̀. Kí a gba àyè kí a tó ya fọ́tò. Kí a má fi ọwọ́ kan ọnà amọ̀, nítorí bí gbogbo àlejò bá fi ìka kàn án, yóò parẹ́. Kí a má sì yọjú wo ibi tí a kò ní kí a wò.

Àwọn òbí kan yóò bi olùkọ́ pé, ṣé ó fẹ́ sọ ọmọ àwọn di abọ̀rìṣà ni? Ìbéèrè tí ó tọ́ kí a dáhùn ni. Wíwò kì í ṣe sísìn. Mùsùlùmí tí ó bọ́ fìlà ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tíì di Kristẹni, bẹ́ẹ̀ ni Kristẹni tí ó bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kò tíì di Mùsùlùmí. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá múlẹ̀ kò nílò láti gan ti ẹlòmíràn kí tirẹ̀ tó dúró.

AMỌ̀ ÀTI WÚRÀ

Ní 2024, 150 ọdún lẹ́yìn ogun Wolseley, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá méjì ní Lọ́ńdọ̀nù gbé 32 nínú ohun iyebíye Asante wá sí ààfin Manhyia ní Kumasi. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n yá wọn ni. Wọn kò dá wọn padà. Ìjà tí ó tọ́ ni láti béèrè wọn títí wọn yóò fi padà pátápátá. Ṣùgbọ́n wúrà lè rìn jìnnà kí ó sì padà bọ̀. Amọ̀ tí ó bá wó, ó wó náà nìyẹn. Òjò ń bá irú ilé Besease jà, ikán ń bá igi rẹ̀ jà, páànù sì ti gba ipò koríko lórí púpọ̀ nínú wọn. Kò sí ogun òyìnbó nínú èyí. Ọwọ́ wa ni ó wà.

Ọ̀ràn náà kò sì mọ sí Gánà. Igbó Òṣun ní Òṣogbo, tí ó fẹ̀ tó 75 hẹ́kítà, wọ inú ìwé UNESCO ní 2005, inú gbogbo wa sì dùn. Mélòó nínú ojúbọ ìlú tiwa ni ó ti di ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí, tàbí tí a ti wó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ní owó ọkọ̀ dé Kumasi, ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Bí ẹ kò bá ní, ẹ mú wọn dé ilé mímọ́ tí ó pẹ́ jù ní ìlú yín, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ojúbọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbà ibẹ̀ ní ohun mẹ́ta: ta ni ó kọ́ ọ, ta ni ó ń tún un ṣe, kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sínú ìwé, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ.