Ṣé O Mọ̀? Bí Ohun Tó Ń Yí Ṣe Ń Gba Eré

Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá dé ní Òkè-Ìléwó, l'Abẹ́òkúta, apá fáànù á kọ́kọ́ máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, o lè kà wọ́n. Láìpẹ́, ojú ò ní lè dá wọn mọ̀ mọ́. Bí eré yíyí ṣe ń pọ̀ sí i yìí ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní angular acceleration.

Ṣé o mọ̀ pé:

• Ìṣirò rẹ̀ kò le? Bí fáànù bá ti ìdúró dé eré yíyí 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 10, ìdajì yíyí ló ń fi kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 3.14 rad/s².

• Bí eré fáànù bá ti dúró sójú kan, òdo ni acceleration yìí, bó tilẹ̀ ń yí kíkankíkan?

• Jẹnẹrétọ̀ kékeré iwájú ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí iná rẹ̀ lè jẹ́ 50 Hz? Tan firíìjì lójijì, wàá gbọ́ bí ohùn jẹnẹrétọ̀ náà ṣe rẹlẹ̀: eré rẹ̀ dín kù nìyẹn.

• Àgbá irin ara ẹ̀rọ ìlọta kì í tètè gba eré, kì í sì í tètè dúró, torí etí rẹ̀ ni ìwúwo pọ̀ sí?

Nítorí náà, bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ ìlọta, jẹ́ kó dúró pátápátá kí o tó fọwọ́ kàn án.