Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Dí: Ẹ Mọ Ibi Tó Ti Dí Kí Ẹ Tó Náwó

Bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì bá dí nínú ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ jọ ń gbé, àwọn kan á máa wá ẹni tó lò ó kẹ́yìn, àwọn kan á sáré lọ ra kẹ́míkà. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á dáwó jọ pe ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin. Owó á lọ, tọ́ílẹ́ẹ̀tì á sì tún lè dí lọ́sẹ̀ kejì, nítorí pé kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó yẹ kó ṣáájú: níbo gan-an ló ti dí?

Ọ̀nà tí omi ń gbà

Ní Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà àti sẹkitéríàtì Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà, bíi ti àwọn àdúgbò Àkúrẹ́ yòókù, kò sí páìpù ìjọba lábẹ́ títì tó ń kó ẹ̀gbin ilé gbogbo lọ síbì kan. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń bójú tó tirẹ̀. Láyé àtijọ́, ní àwọn ìlú ńlá wa, agbépòó ló ń gbé e lọ lóru. Lónìí, omi ló ń gbé e.

Bí ẹ bá ti da omi sí i, ó máa kọ́kọ́ gba ọrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Alexander Cumming, ọmọ Scotland tó ń ṣe aago ní London, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ọrùn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1775. Omi tó máa ń dúró síbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òórùn padà wọlé. Ibẹ̀ náà ni pádì àti nǹkan líle ti sábà máa ń há.

Láti ibẹ̀, páìpù á gbé e lọ sí kòtò kékeré onísìmẹ́ńtì tó ní ìdérí níta, lẹ́yìn náà sínú táńkì abẹ́ ilẹ̀. Nínú táńkì yìí, èyí tó wúwo á rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì máa jẹ ẹ̀gbin náà díẹ̀díẹ̀. Omi àárín nìkan ló ń jáde lọ sí sókáwéè, níbi tí ilẹ̀ ti ń fà á mu. Nítorí náà, kì í ṣe àìsàn pé omi kún táńkì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ga dé ẹnu páìpù, tàbí tí ilẹ̀ kò bá lè mu omi mọ́.

Àyẹ̀wò

Ẹ má da omi mìíràn sí i, kó má baà kún sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé ìwẹ̀.

Bí omi ilé ìwẹ̀ bá ń lọ geere, tó jẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló dí, ọrùn rẹ̀ tàbí páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ ló há.

Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń wẹ̀ ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń dún gbulugbulu, tàbí tí omi ń ru sókè nílẹ̀ ilé ìwẹ̀, páìpù tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ni ẹ máa fura sí. Ẹ ṣí ìdérí kòtò kékeré ìta. Bó bá gbẹ, àárín ilé àti kòtò yẹn ló ti dí. Bó bá kún, iwájú ni wàhálà wà: páìpù tó lọ sí táńkì, tàbí táńkì fúnra rẹ̀.

Bí gbogbo yàrá bá ń ráhùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ilẹ̀ orí sókáwéè sì tutù rinrin, ilẹ̀ ni kò mu omi mọ́. Èyí wọ́pọ̀ nígbà òjò, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tàbí tó bá wà ní ìsàlẹ̀ nítòsí odò. Bí ẹ bá fa táńkì irú ilé bẹ́ẹ̀, ó lè tún kún láàárín ọjọ́ mélòó kan. Sókáwéè ló fẹ́ àtúnṣe.

Bí a ṣe ń là á

Bó bá jẹ́ ọrùn ló há, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ wá ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Omi gbọ́dọ̀ bo rọ́bà náà. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wá máa tì í kí ẹ sì máa fà á léraléra, bí ìgbà ogún. Ọṣẹ olómi àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń ṣèrànwọ́. Omi híhó lè la àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá gbà, wáyà gígùn tó rọ̀ ló kàn. Páìpù ìta, ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà fi ọ̀pá rẹ̀ gún un láti inú kòtò kékeré.

Kẹ́míkà kì í yọ́ pádì tàbí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Bí púlọ́ńbà bá wá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ da kọ́sítíìkì sódà sí i, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ló wà nínú ewu. Ẹ sọ fún un. Ẹ má sì da Hypo tàbí JIK pọ̀ mọ́ ọṣẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì oní-ásíìdì láé: gáàsì kílórínì ló ń mú jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Èyí tó tún léwu jù ni inú táńkì. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, kódà láti gbé ẹni tó ṣubú sínú rẹ̀. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà wà níbẹ̀. Bó bá pọ̀, imú kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ó sì lè dá èèyàn kú lójú ẹsẹ̀. Òmíràn tún ń gbiná, nítorí náà ẹ má ṣáná nítòsí rẹ̀. Ẹ ké sí àwọn panápaná.

Ta ló máa sanwó?

Ibi tó ti dí ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Pádì tó há sí ọrùn, àwọn ayálégbé ló lò ó. Sókáwéè tí kò mu omi mọ́, iṣẹ́ onílé ni, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ ya fọ́tò kòtò ìta àti ilẹ̀ tó tutù kí ẹ tó pe bàbá tàbí màmá onílé. Ẹni tó ní ẹ̀rí kì í pariwo.

Ẹ fi ike ìdalẹ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì fún pádì, irun àtọwọ́dá àti bébà líle. Bí ẹ bá ń fi garawa da omi, ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan náà kó pọ̀ tó. Omi díẹ̀díẹ̀ kì í ti ìgbẹ́ dé táńkì. Bó bá sì ti ń lọ́ra, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ yẹn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.